Ìràwọ̀ Ọ̀sán Gangan

Nígbà tí ojú Rọ̀kíbátù máa fọ́, kò fọ́ lójijì. Láti ẹ̀gbẹ́ ni àìsàn náà ti ń jẹ ìríran rẹ̀ bọ̀, bí eku ṣe ń jẹ etí búrẹ́dì, títí tó fi ku àárín nìkan, tí àárín náà sì wá ṣú. Jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìkòròdú. Lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, kò rí ohun tó ń kọ sára pátákó mọ́, síbẹ̀ á mú ṣọ́ọ̀kì, á ya àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà láìwò ó, àwọn ọmọ á sì pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n dágbére fún un, wọ́n fi àga onítìmùtìmù ńlá kan ta á lọ́rẹ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kó lọ jókòó kó sinmi, iṣẹ́ ti parí. Rọ̀kíbátù gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ní:

"Ojú mi ló fọ́. Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan."

Kó tó jáde nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó ti fún máígádì ní àga ọ̀hún.

Irú obìnrin tó jẹ́ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, wọn ò sì bímọ, yàrá méjì tó háyà nítòsí Ìpakodò ló ń dá gbé. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Èkó, ariwo yẹn ló sì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó ra ọ̀pá funfun, òun ló ń fi tẹlẹ̀ lọ sọ́jà, òun ló ń fi tẹlẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí ẹnì kan bá sáré wá di apá rẹ̀ mú láìjẹ́ pé ó pè é, á rọra gba apá rẹ̀ padà, á ní, "Ẹ ṣeun. Méjì ni mo ní, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́."

Rédíò ló di alábàágbé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà òjò, ó ń yí rédíò kiri, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, tó jẹ́ pé ariwo ṣàààà lásán ló ń dún bí ìgbà tí epo bá ń hó lórí iná. Ó fẹ́ yí i kúrò ni ohùn ọkùnrin kan bá bú jáde látinú ariwo náà, èdè Faransé, ó mọ́ gaara bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré, ó pòórá. Kò pẹ́, orin tún yọ fìrí, gìtá àti ohùn obìnrin, ìyẹn náà tún kú. Lọ́jọ́ kejì, Rọ̀kíbátù kó rédíò sínú àpò, ó di ọ̀dọ̀ Godwin.

Godwin ti jókòó níwájú rẹ̀ rí ní kíláàsì, àmọ́ ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Ìlàjẹ ni, etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní gáréèjì Ìkòròdú níbi tó ti ń tún rédíò àti dikódà ṣe. Àmọ́ ohun tó fẹ́ràn jù kì í mówó wọlé: ó ní ìwé àṣẹ tó fi ń fi rédíò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ káàkiri ayé, irin antẹ́nà sì kún orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ àkọ̀.

"Ó ti bàjẹ́ ni?" Rọ̀kíbátù bi í. "Faransé ni mo gbọ́, àmọ́ Kùtọnu kọ́ nìyẹn. Mo mọ ohùn Kùtọnu."

Godwin gbọ́ àlàyé rẹ̀ tán láàárín ariwo àwọn agbèrò tó ń pe èrò Ṣàgámù, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, kò bàjẹ́. Ìràwọ̀ ló já."

"Godwin, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sán gangan ni."

"Ọ̀sán ni àwọn ti oṣù kẹfà máa ń já, mà. Oòrùn ló bò wọ́n lójú."

Ó fà á ní àga, ó ṣàlàyé fún un. Ó ní bí ilẹ̀ ayé ṣe rí roboto ni kì í jẹ́ kí ohùn irú rédíò yìí rìn jìnnà, torí ọ̀nà tààrà ló ń gbà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ kọ́nà. Ìdí nìyẹn tí Bàmákò, níbi tó gbà pé ohùn náà ti wá, kì í fi í dé Ìkòròdú. Àmọ́ bí òkúta bíńtín kan, tí ò ju ẹyọ iyanrìn lọ, bá já wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, eré tó bá wá á jẹ́ kó gbiná. Ipa iná náà á na tàntàn lókè, á dà bí ògiri. Ohùn Bàmákò á lọ gbá ògiri náà, á ta padà sílẹ̀ síbi tí kì í dé. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ògiri á tú ká.

"Òjò ńkọ́? Ìkùukùu ńkọ́?"

"Kò kan rédíò."

Láti kékeré ni Rọ̀kíbátù ti ń gbọ́ nípa ìràwọ̀ tó ń já wìtìwìtì bí òjò, ó ti fi kọ́ ọmọ tí ò níye, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò rí i rí. Ìkùukùu Èkó kò gbà. Nígbà tó sì ní òun máa rin ìrìn-àjò lọ sí Òkè Ọya kóun lọ wò ó ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

"Àwọn tójú wọn là, ṣé wọ́n ń rí àwọn ti ọ̀sán yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń rí i, mà. Gbogbo wa la fọ́jú sí i."

"Wá ṣe antẹ́nà tó dáa fún mi," Rọ̀kíbátù wí.

Godwin gé irin fèrèsé àtijọ́, ó tò ó sórí ọ̀pá kan, ó gùn lẹ́yìn, ó kúrú níwájú, bí eegun ẹ̀yìn ẹja. Wọ́n so ó mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Rọ̀kíbátù, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ìhà Bàmákò. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí níṣẹ́. Etí rẹ̀ mọ òkúta kékeré, tó máa ń dún tó! lásán, ó mọ ńlá, tó máa ń mú odindi gbólóhùn wá kó tó rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ka iye tó bá gbọ́, fóònù rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ á bá a fi í ránṣẹ́ sí àwọn olùgbọ́ ìràwọ̀ ní ìlú òkèèrè, tí wọ́n ń kó ti gbogbo ayé pọ̀. Wọn ò mọ̀ pé kò ríran. Kò sọ fún wọn, torí wọn ò béèrè.

Bó ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn títí di ọjọ́ tí ẹnì kan yọ pákó orí gọ́tà kan ní gáréèjì, tí kò dá a padà. Ọ̀pá Rọ̀kíbátù wá pákó náà tì, ó já sínú gọ́tà, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́.

Súbérù, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló wá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, sí ilé bàbá wọn. Súbérù ní ọkọ̀ ẹja lórí ọ̀sà, ẹni ńlá sì ni ní Ọjà Olúwo. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé dókítà wá bá a nílé, ó ní kí Waliyah, ìyàwó òun, máa se ẹja tútù fún un lójoojúmọ́. Kò sí ohun tí Rọ̀kíbátù béèrè tí wọn ò gbé wá síwájú rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ wá sàn, tó ní òun fẹ́ padà sílé, Súbérù kọ́kọ́ wúkọ́.

"Ilé wo, ẹ̀gbọ́n mi? Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà fún lánlọ́ọ̀dù. Ẹrù yín wà nínú sítọ́ọ̀."

"Ta ló ní kí o dá a padà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, gọ́tà ni mo lọ ti fà yín yọ. Ṣé òkú yín ni kí n lọ gbé lẹ́ẹ̀kejì?"

Inú Rọ̀kíbátù gbóná débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó ti pẹ́ tó ti mọ bí èèyàn ṣe ń bá ìkà jà, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ̀ jà?

Yàrá tí wọ́n fún un wà ní ilé ẹ̀yìn. Bàbá wọn fẹ́ fi ilé náà ṣe pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ikú ò jẹ́. Dẹ́kìn kọnkéré ni òrùlé rẹ̀, irin ìkọ́lé sì ṣì nàró lórí rẹ̀ láti ìgbà náà, wọ́n ń retí àjà kejì tí kò dé. Rọ̀kíbátù gbé rédíò sójú fèrèsé yàrá yìí, ó fa ọ̀pá rẹ̀ jáde, kò gbọ́ nǹkan kan ju ìpolówó oògùn àti wàásù lọ. Kò pẹ́ tó fi rántí àwọn irin tó wà lókè orí rẹ̀.

"Antẹ́nà mi tí Godwin bá mi tú kúrò ní Ìpakodò wà lọ́wọ́ rẹ̀," ó sọ fún Súbérù lórí oúnjẹ. "Mo fẹ́ kó wá bá mi so ó mọ́ irin orí dẹ́kìn. Oṣù kẹfà ti wọlé, àwọn ti ọ̀sán ti ń bọ̀."

Súbérù gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ẹ̀gbọ́n Súbérù ń gbọ́ ohùn. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní orí yín ti dàrú ni? Ìràwọ̀ tó ń já, alfa kọ́ wa pé Ọlọ́run ló fi ń lé àwọn ṣàítánì. Kí ni tiyín níbẹ̀?"

"Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sá."

Waliyah fi gèlè bo ẹnu, ẹ̀rín ló fẹ́ pa á. Súbérù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti sọ tòun, kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí. Rọ̀kíbátù fọ ọwọ́, ó wọ yàrá, ó pe Godwin lórí fóònù.

Àárọ̀ Sátidé ni Godwin dé láti Ìkòròdú, antẹ́nà wà lórí ọkọ̀ tó wọ̀, wọ́n fi okùn dì í. Àwọn ọmọ àdúgbò sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo, "Eegun ẹja! Eegun ẹja!" Ojú ọ̀run dúdú, òjò ti rọ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, ó sì tún ń gbára jọ. Súbérù pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ mu omi, kí ẹ sì gbé irin yín padà sí Ìkòròdú."

"Alàgbà, Tíṣà ló ní kí n—"

"Mo mọ ẹni tó pè yín. Èmi ni baálé ilé."

Godwin dúró, irin ń wọ̀ ọ́ léjìká. Àlejò ni, ó mọ̀ pé ilé onílé ni òun dúró sí. Ó ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀pá funfun tó ń kan sìmẹ́ǹtì.

"Godwin, gbé e kalẹ̀ síbẹ̀."

Rọ̀kíbátù ti jáde. Ó ti wé gèlè mọ́rí dáadáa, ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, bàtà rọ́bà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Súbérù rí ṣòkòtò náà, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá eré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kí a di ìran wíwò. Irin yìí ò ní gun òrùlé mi."

"Òrùlé ta?" Rọ̀kíbátù béèrè. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Ohùn tó fi máa ń mú kíláàsì dákẹ́ ni. "Nígbà tí Alhaji Àlímì pín ogún bàbá wa, ìdajì ohun tó fún ọ ló fún mi. Mi ò jiyàn. Òfin Ọlọ́run ni. Ilé ẹ̀yìn yìí ló sì fi ṣe ìdajì náà. Orí ìdajì mi ni mo fẹ́ gbé irin mi sí, Súbérù. Kò ní fara kan tìẹ."

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Obìnrin kan tó ru agbada ẹja yíyan sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá géètì kó lè gbọ́ dáadáa. Ara Súbérù gbóná.

"Ó dáa! Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín! Bàbá ọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ gun òrùlé ilé yìí lónìí. Ọmọ ilé o, àlejò o. Ọkùnrin tó bá gbẹ́sẹ̀ lé àkàbà, èmi àti ẹ̀ la jọ máa dé àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ọkùnrin kankan," Rọ̀kíbátù wí. "A ti gbọ́."

Ó yí padà, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá àkàbà ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀yìn kàn. Ó kan án. Ó na ọ̀pá sẹ́yìn, Waliyah gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ìgbà tí Waliyah débẹ̀.

"Waliyah!" Súbérù pariwo.

"Mo kàn di àkàbà mú ni, bàbá Hussein," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ ní kí ọkùnrin má gùn ún ni. Ẹ ò ní kí obìnrin má dì í mú."

Godwin sáré fún Rọ̀kíbátù ní okùn. Ó so ẹnu kan mọ́ ìbàdí, Godwin so ẹnu kejì mọ́ antẹ́nà. Rọ̀kíbátù bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Àkàbà onígi ni, ó ti gbó. Ó ń fi ọwọ́ wá igi tó kàn kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ń dùn ún láti kókósẹ̀ dé orúnkún, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé ìdajì, igi kan kán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ariwo ta, ara rẹ̀ gbá ògiri, ó fi apá méjèèjì rọ̀ mọ́ àkàbà bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ojúgun rẹ̀ lọ sínú bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Súbérù ti wà ní ìdí àkàbà. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ̀kalẹ̀. Mo gbà. Mo máa pe ẹnì kan kó gùn ún. Ẹ ṣáà sọ̀kalẹ̀."

Rọ̀kíbátù mí kanlẹ̀. Ó lè sọ̀kalẹ̀. Ohun tó fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ tún wà lẹ́sẹ̀ tó fi lè ṣe àwáwí. Àmọ́ ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, ìtàn tí wọ́n máa sọ lọ́jà ni pé afọ́jú gun àkàbà, ó sì já. Bó bá sì di ọ̀la, tó ní òun fẹ́ dá lọ sẹ́nu ọ̀nà, igi tó kán yìí ni wọ́n máa nà sí i lójú.

"O ò tètè gbà, Súbérù," ó ní. "Mo ti fẹ́ dé." Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ibi tó kán, ó mú igi tó wà lókè rẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan kọnkéré, ó fa ara rẹ̀ gun orí dẹ́kìn, ó sùn gbalaja sórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ lù ú lójú. Lẹ́yìn náà ló dìde lórí orúnkún, ó rá lọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan irin ìkọ́lé kan tó dúró gbọin. Ó fa okùn. Antẹ́nà ń gbá ògiri bọ̀ gbà-ǹ-gbà, Godwin ń tọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹnu, "Ẹ rọra, mà. Ó ti yọ. Ẹ fà á wálé." Ó fi wáyà dì í mọ́ irin, ó lọ́ ọ, ó tún un lọ́.

"Ó kọjú síbo?" Godwin béèrè.

"Dúró ná." Rọ̀kíbátù gbé etí sókè. Ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, ní gúúsù, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ọjà Olúwo. Mọ́ṣáláṣí bàbá wọn, tí ẹnì kan ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ wò lọ́wọ́, wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ó na apá kan sí ìwọ̀-oòrùn, ó na ìkejì sí iwájú, sí àríwá, ó wá fi antẹ́nà sí àárín méjèèjì. "Ó ti kọjú síbi tó yẹ kó kọjú sí."

Waliyah so rédíò mọ́ okùn, wọ́n fà á sókè. Rọ̀kíbátù ti wáyà antẹ́nà bọ̀ ọ́, ó yí i síbi tó fẹ́, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè pátápátá.

Ṣàààà.

Gbogbo àgbàlá ń retí. Ṣàààà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í wínníwínní. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Obìnrin ẹlẹ́ja ní, "Ìràwọ̀ ọ̀hún ń sùn ni?" àwọn kan sì bá a rẹ́rìn-ín. Rọ̀kíbátù fi ọ̀rá bo rédíò, ó jókòó tì í bí ẹni tí ń dáná.

Ìgbà náà ni ohùn náà bú jáde. Ọkùnrin kan, èdè Faransé, ó ń ka ìròyìn tàbí kí ló ń kà, ó ké gbàmù bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un, wọ́n sì tún tì í mọ́ ọn lójú. Ẹ̀rín dá. Tó! Tó! Àwọn kékeré méjì tẹ̀ lé ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ńlá kan dé, ó mú orin wá, gìtá àti ìlù, ó ń dún, ó ń dún, ó wá ń yọ́ lọ bí iyọ̀ nínú omi. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka sókè, gbogbo èyí tó bá dún, wọ́n á hó yè.

"Kùtọnu lásán nìyẹn!" ọ̀dọ́kùnrin kan wí. "Rédíò tèmi náà ń gbé Kùtọnu."

Godwin fẹ́ dáhùn. Rọ̀kíbátù ṣíwájú rẹ̀.

"Má dá a lóhùn. Mi ò pè é wá gbọ́."

Alhaji Àlímì, àbúrò bàbá wọn, dé lákòókò yẹn. Súbérù ló ti ránṣẹ́ sí i kó wá bá òun dá obìnrin náà lẹ́kun. Ó wọ àgbàlá lábẹ́ agbòjò, ó wo àkàbà tó kán, ó wo antẹ́nà, ó wá gbójú sókè.

"Rọ̀kí."

"Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Nǹkan tó ń dún yìí, ṣé ó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́la?"

"Rárá, sà. Òkúta ló ń já láti òfurufú, bó ṣe ń já ni mò ń gbọ́ ọ. Kò mọ ọ̀la. Kò mọ̀ wá."

Bàbá náà fetí sílẹ̀. Òmíràn já, ó mú ohùn obìnrin kan wá tó ń rẹ́rìn-ín. Alhaji Àlímì mi orí.

"Kì í ṣe iṣẹ́ awoṣẹ́ nígbà náà. Súbérù, èmi ni mo pín ogún yín. Ilé ẹ̀yìn yìí, tirẹ̀ ni, tilẹ̀-tòrùlé. Àmọ́ ìwọ Rọ̀kíbátù, ọjọ́ orí rẹ kì í ṣe ti orí àkàbà. Má gùn ún mọ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," Rọ̀kíbátù wí látòkè, "fún ti àkọ́kọ́."

Ó wà lórí dẹ́kìn náà títí aṣọ rẹ̀ fi tutù látòkè délẹ̀ nínú òjò, tí èrò sì tú ká. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀nà àkàbà kàn. Godwin ti fa wáyà gba ojú fèrèsé wọ yàrá rẹ̀ báyìí, kó lè máa gbọ́ látorí ibùsùn. Waliyah fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó so ó.

Súbérù kò bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé àkàbà wọ sítọ́ọ̀, ó fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Ó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe yẹ kí àbúrò kíni, ọ̀rọ̀ kò sì kọjá ìyẹn. Rọ̀kíbátù náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó ń gbọ́ ìràwọ̀ rẹ̀, ó ń fi iye wọn ránṣẹ́. Lọ́sàn-án, bí òjò bá dá, ó ń mú ọ̀pá rẹ̀, ó ń rìn dé etí ọ̀sà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ, Súbérù dúró lẹ́nu géètì títí tó fi dé.

Nínú oṣù keje, ìjì kan jà, ó yí antẹ́nà kúrò níbi tó kọjú sí. Rédíò tún di ìpolówó àti wàásù. Súbérù gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó dé láti Ọjà Olúwo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bá iná wẹ́dà tó ń tan yẹ̀rì-yẹ̀rì lẹ́yìn ilé. Ọláògún, ìbátan Waliyah, ń jó irin mọ́ ara ilé ẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn irin ni, ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Rọ̀kíbátù, ó sì gùn lọ sórí dẹ́kìn. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi ṣe é. Òun gan-an dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọn àlàfo àtẹ̀gùn tó ti tutù, ó ń sọ fún Ọláògún pé èyí ga jù, kó gé e.

Súbérù dúró. Gbogbo ilé ń retí kó bú. Ó fi ọwọ́ mi irin àkọ́kọ́, kò mì. Ó gun ìkejì, ó fò lórí rẹ̀ díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ó wo irin ìdìmú tí Ọláògún ti jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

"Ìdìmú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nìyí," ó wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí ìkíni, nìyẹn. "Ọláògún, wá fi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi ni mo máa san án."

"Má fi síbẹ̀, Ọláògún," Rọ̀kíbátù wí. "Ọ̀kan tó mi. Ọwọ́ kejì ni mo fi ń gbé rédíò."